Aro Kan Ṣoṣo Nínú Àwo Kẹta

Ní Ìsàlẹ̀ Òsì, nínú ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú rẹ̀ tí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀yìn, ni Ezekiel Ọládiípọ̀ àti Edith ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Iṣẹ́ tí Ezekiel ń ṣe kò wọ́pọ̀ n'Íbàdàn nígbà náà: ó ń tún dùùrù ṣe. Mi ò sọ pé ó ń tẹ dùùrù o. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí eéṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ì bá sì ṣe ìjọ lóore tí wọ́n bá lè fi í sílẹ̀. Ezekiel lẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí nígbà tí dùùrù bá ń hó, tàbí tó ń ké níbi tí wọn ò ti ní kó ké. Yóò tú ẹ̀yìn rẹ̀, yóò yọ àwọn ahọ́n idẹ wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fá a díẹ̀, yóò dá a padà, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì tẹ́tí. Ìtẹ́tí yẹn gan-an niṣẹ́. Ìyókù, ẹnikẹ́ni tó bá ní sukurudiráfà lè ṣe é.

Láti Mápó dé Pópó Yemọja, Ọ̀gá Dùùrù ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin á ṣọ́ra, nítorí ó lè na ìka sí ẹnì kan láàárín ogún èèyàn pé, "Ìwọ lo lọ sílẹ̀." Wọn kì í bá a jiyàn. Edith, tó ń ta òwú àti bọ́tìnì l'Ọ́jà'ba, máa ń fi í yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ níbi ìsọ̀ òun, Bàbá Olúbùnmi á gbọ́ ọ nílé. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àsọdùn púpọ̀.

Ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tó ń kọ́ni lórin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé lọ́dún 1954, ó fún Ezekiel ní giramafóònù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, pẹ̀lú àwo márùn-ún nínú páálí. Ohun méjì ni Ezekiel jogún lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí tí kò fi sílẹ̀ mọ́: orin inú àwo náà, àti kuníìnì. Ní àràárọ̀ Sátidé, ibà ń ṣe é o, ibà ò ṣe é o, yóò gbé kuníìnì mì bí ó ti rí i tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe. Bí ara rẹ̀ bá wá gbóná díẹ̀, ẹ má ka iye tó máa gbé mì. Edith ló ń bu omi fún un.

Orin inú àwo náà ni irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní sínfónì. Kò sí ẹni tó ń fẹnu kọrin nínú rẹ̀. Fèrè, gòjé àti ìlù ni látòkè délẹ̀. Ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ní Yúróòpù ló kọ ọ́ láyé àtijọ́, nígbà tí iṣẹ́ gbé e dé Amẹ́ríkà tí àárò ilé sì ń sọ ọ́. Apá mẹ́rin ni. Ní apá kejì, fèrè kan máa ń dá kọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Edith gbọ́ ọ, ó béèrè pé ta ló kú. Ezekiel ní kò sẹ́ni tó kú, ilé ni ọkùnrin náà ń rántí. Edith ní kí ló wá dé tí kò wọkọ̀ kó padà sílé.

Ṣùgbọ́n apá kẹrin ni Ezekiel fẹ́ràn jù, nítorí aro. Aro ni àwo idẹ méjì tí wọ́n máa ń gbá mọ́ ara wọn, òun náà ló wà nínú Sáàmù tó kẹ́yìn. Nínú gbogbo orin gígùn yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lu aro, kò sì pariwo rárá. Ṣìì, bí ẹ̀kán omi tó bọ́ sórí ààrò gbígbóná, ó tán. Òyìnbó ti ṣàlàyé fún Ezekiel pé ẹni tó ń lu aro náà á jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, á dìde lẹ́ẹ̀kan péré, á lù ú, á tún padà jókòó. Ezekiel fẹ́ràn ọkùnrin tí kò rí rí yìí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. "Ìyá Olúbùnmi, wo sùúrù! Kí èèyàn jókòó tó ìdajì wákàtí nítorí ṣìì kan!" Edith ní òun mọ àwọn obìnrin tó ń jókòó jù bẹ́ẹ̀ lọ l'Ọ́jà'ba tí wọn ò ta nǹkan kan.

Lọ́dún 1958 ó ra òmíràn, àwo ńlá kan ṣoṣo tó gba gbogbo orin náà tán. Màmúdù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ, ló bá a to ẹ̀rọ oníná tó lè lù ú. Àwọn ará ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì gan-an ló lu orin inú èyí. Ezekiel wá sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni sọmọ: àwo márùn-ún àkọ́kọ́ ni Bàbá Arúgbó, èkejì ni Ọmọ Onílẹ̀. Gbogbo ọ̀sán Sunday, tó bá ti jẹun tán, á lu ọ̀kan, á lu èkejì, á sì máa dá ẹjọ́ wọn. "Bàbá Arúgbó ń kánjú níbí. Kì í ṣẹjọ́ rẹ̀, ojú àwo rẹ̀ kéré, wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó parí kí àyè tó tán. Gbọ́ Ọmọ Onílẹ̀ ní tiẹ̀. Ṣé ó sáré? Ilé baba rẹ̀ ló wà, ta ló ń lé e?" Bí aro bá ń bọ̀, á gbé ìka sókè. Edith á dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣìì. Ìka á sọ̀ kalẹ̀, Ezekiel á sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n fún ní àkàrà. Edith kò fẹ́ràn orin náà, ó sọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ojú ọkọ rẹ̀ nígbà tí aro bá dún ló fẹ́ràn.

Àwo kẹta dé lásìkò Lẹ́ńtì ọdún 1962. Òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, àwọn ará Amẹ́ríkà ló lù ú. Ezekiel pè é ní Àjòjì kó tó tú u nínú bébà. Ọ̀sán Sunday kan náà ni Olúwọlé, olórí akọrin ìjọ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó níwà, wá kí wọn, Ezekiel sì ní kó jókòó kó wá gbọ́ nǹkan. Edith wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Àwo yí títí ó fi dé apá kẹrin. Ezekiel gbé ìka sókè. Ìka náà wà lókè. Orin kọjá lọ, ìka kò sọ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n fò ó!" Ezekiel dìde. "Àwọn ará Amẹ́ríkà yìí fò ó! Wọn ò lu aro!"

Olúwọlé, tó jẹ́ olóòótọ́ ọmọ, rọra ní, "Bàbá, ó jọ pé mo gbọ́ ọ sà. Ó kàn rọra dún ni."

"Níbo lo ti gbọ́ ọ? Èmi tí mo ti ń gbọ́ ọ kó o tó dé ìjọ wa!" Ó dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn. Edith gbọ́ aro náà kedere níbi tó jókòó sí, pẹ̀lú ariwo ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú abọ́. Ó tilẹ̀ dún ju ti Bàbá Arúgbó lọ. Ezekiel mi orí. "Kò sí níbẹ̀. Ìyá Olúbùnmi! Wá dájọ́ fún wa. Ṣé o gbọ́ aro nínú èyí, àbí o ò gbọ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi tí ọkùnrin yìí gbé ìyàwó rẹ̀ sí. Bí ó bá ní òun gbọ́ ọ, ó di pé Ọ̀gá Dùùrù, tí gbogbo ìlú ń fi etí rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ti jẹ̀bi lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀ níwájú ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì dá a lẹ́bi. Wọn ò kọ́ Edith bẹ́ẹ̀ nílé. Obìnrin kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò; bí ọkọ bá tilẹ̀ ní funfun ni dúdú, ìyàwó á dúró kí àlejò kọjá kó tó bi í pé kí ló rí. Òun náà pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé tí Olúwọlé bá lọ tán, òun á sọ fún un.

"Rárá o, Bàbá Olúbùnmi," ó ní. "Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan."

Olúwọlé wojú rẹ̀, ó wolẹ̀. "Á jẹ́ pé etí mi ni sà. Ẹ má bínú sà."

Ezekiel wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìjókòó mú. Edith rò pé ìdùnnú ẹni tó borí nínú iyàn ni. Ó ní ọkùnrin àti àgídí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Kí Olúwọlé tó dé títì, Ezekiel ti mú bébà àti kálámù, ó ń kọ lẹ́tà sí òyìnbó pé àwo tó fi ránṣẹ́ kò ní aro, pé ìyàwó òun sì ni ẹlẹ́rìí. Ó ka orúkọ Edith sókè fún un níbi tó ti kọ ọ́. Báwo ni Edith ṣe máa ní òun ń parọ́ nígbà tí orúkọ òun ti fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú? Ó ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la dé, Ezekiel lọ síṣẹ́, ó sì ti sọ ọ́ fún ìdajì àdúgbò kó tó dé.

Màmúdù wá wò bóyá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ó tẹ́tí, aro dún, ó ṣíjú sókè, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ yà. Edith, tó dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, mi orí fún un. Màmúdù kì í ṣe ọmọdé. Ó tún abẹ́rẹ́ wò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní, "Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ yìí ò ṣe nǹkan kan o. Àwo yẹn náà ni." Báyìí ni irọ́ ẹnì kan ṣe di tẹni méjì.

Èsì òyìnbó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, òun ti lu àwo irú rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ òun, aro wà níbẹ̀ kedere. Ezekiel ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó tẹnu rẹ̀ jáde ti ilẹ̀kùn òtítọ́ mọ́ ara rẹ̀. "O ò rí wọn? Tiwọn ló ní aro. Èyí tí wọ́n mọ̀ pé Áfíríkà ló ń bọ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní kí ni èèyàn dúdú fẹ́ fi aro ṣe?" Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ ní Bẹẹrẹ, àwọn èèyàn mi orí, wọ́n ní òyìnbó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Kò sí ohun tí a ò lè gbà gbọ́ nípa òyìnbó.

Nínú ilé, nǹkan mìíràn ń lọ. Ezekiel ní kòkòrò kan ń ké nínú yàrá, ó gbé àpótí, ó gbá abẹ́ ibùsùn, kò rí i. Edith kò gbọ́ kòkòrò kankan. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó ní òun ò gbọ́ ọ, òótọ́ ló sọ, ọkọ rẹ̀ sì ní etí Edith ló ti ń di. Bí Edith bá pè é láti ẹ̀yìnkùlé, kì í dáhùn mọ́. Edith ń pariwo, ó tún ń ṣe bí ẹni tí kò pariwo. Ní Sunday kan nínú oṣù kẹwàá, ìka Ezekiel wà lókè, kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí Ọmọ Onílẹ̀ ń yí. Ó bojú wo àwo náà pẹ́. "Abẹ́rẹ́ ti jẹ ẹ́," ló wí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó lu Bàbá Arúgbó, ìka rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àgbà ò jọra! Ìwọ náà gbọ́ ọ, àbí?" Ṣùgbọ́n aro ti dún kọjá kí ìka tó sọ̀; ìrántí rẹ̀ ló gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Edith dáhùn pé òun gbọ́ ọ. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó fi ìborùn bo ojú.

Ẹ máa ní kí ló dé tí kò sọ. Èmi náà bi í léèrè lọ́kàn mi nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, inú sì bí mi sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jí ọ̀rọ̀ tó ti sùn fún ọdún kan dìde kọ́kọ́ sọ Edith lókùúta. Ìgbà mẹ́ta ló múra rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó tilẹ̀ dé orí "Bàbá Olúbùnmi, lọ́jọ́ tí Olúwọlé wá," Ezekiel kò sì gbọ́, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Edith kò rí ìgboyà tó máa fi pariwo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo agboolé.

Nígbà tí ọdún yí po, Olúwọlé wá bá a l'Ọ́jà'ba. Ó dúró níwájú ìsọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra òwú, ó ń fọwọ́ kan bọ́tìnì kiri.

"Mà, ẹ̀yin lẹ lè bá wa sọ fún wọn."

"Sọ kí ni?"

"Dùùrù mà. Tí Bàbá bá tún un ṣe tán lọ́jọ́ Friday, ohùn rẹ̀ kì í papọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí a ti ń pe ẹnì kan láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé kó wá tún un tún ṣe. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì méjì mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ò fẹ́ kójú ti Bàbá ni mà."

Òwú bọ́ lọ́wọ́ Edith. Ó bi í pé, "Lọ́jọ́ àwo yẹn, ṣé o gbọ́ aro?"

"Mo gbọ́ ọ mà." Olúwọlé kò wojú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Edith kọ ọ́ sínú ìwé fún ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ lọ sí ọsibítù nítorí kòkòrò tó ń ké. Ó ti múra iyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ezekiel kò bá a jiyàn rárá. Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ kíákíá bí ẹni tó ti ń retí kí wọ́n pe òun.

Dókítà náà kò dàgbà, Yorùbá ni, ó sì ní sùúrù. Ó mú irin ẹlẹ́nu méjì kan, ó gbá a, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí Ezekiel. Irin yẹn kì í ṣe àjòjì sí Ezekiel. Òun náà ní tiẹ̀ nílé, òun ló fi ń wá ohùn dùùrù. Ó dúró. Ó dúró títí. Ó wá gba irin náà lọ́wọ́ dókítà, ó gbá a lórí eékún ara rẹ̀, ó fi eyín dì í mú, ó sì dijú. Nígbà tó yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní, "Ó ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ̀n." Dókítà yí ojú sí ìwé rẹ̀.

Ó béèrè oògùn tí bàbá ń lò. Edith ka kuníìnì fún un, ó sì sọ iye ọdún. Dókítà gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní oògùn náà dára fún ibà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, etí ló máa ń bá jà. Ó ní, "Nígbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, Mà?"

"Ní Lẹ́ńtì èṣí," Edith wí.

"Háà. Ká ní ẹ gbé wọn wá nígbà yẹn, tí a sì dá kuníìnì yẹn dúró, èyí tó kù létí wọn nígbà náà ì bá ṣì wà. Èyí tó ti lọ báyìí kò ní padà."

"Kí ló wí?" Ezekiel ń wo ẹnu àwọn méjèèjì. Edith mú káàdì ọsibítù, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kuníìnì ni, pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá.

Ezekiel kà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn gíga tí àwọn tí etí wọn ti di fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo àwọn tó jókòó níta sì ń gbọ́ ọ. "Mo tètè fura o, dókítà! Ẹ má rò pé mo sùn. Ọjọ́ tí mi ò gbọ́ aro nínú àwo kẹta, àyà mi já. Mo ní etí mi ti ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe ìyàwó mi. Mo ní tóun bá gbọ́ ọ, ilẹ̀ ò ní ṣú kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Òun náà ní òun ò gbọ́ ọ! Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ má bá obìnrin yìí wí. Ì bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní gbà á gbọ́."

Edith gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìyẹ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ náà tó rò pé ti ẹni tó borí nínú iyàn ni, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí ni. Òun ló sì dá a sí, pẹ̀lú irọ́. Dókítà ń wò ó. Edith lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ òótọ́ níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti dá a láre níwájú gbogbo ayé. Ó gba káàdì náà padà, ó yí i, ó wá ibi tí àyè kù, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Nítorí Olúwọlé ni mo ṣe ní mi ò gbọ́.*

Ezekiel kà á. Ó tún un kà. Ó ká káàdì náà sí méjì, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n dé ilé. Kò bínú. Edith gbàdúrà pé kó bínú, kó pariwo, kó lé òun jáde, kí àwọn ará ilé wá bẹ̀ ẹ́. Ezekiel jẹ oúnjẹ tí ó gbé fún un, ó ní o ṣé. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ tó ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n máa pe ẹlòmíràn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Nígbà tí ọ̀sán Sunday kejì dé, ó pe Edith sí yàrá. Ó ti to àwọn àwo jọ. Ó ní kí Edith jókòó sórí ìjókòó tirẹ̀, èyí tí ẹlòmíràn kì í jókòó sí. Ó fún un ní ìwé àti pẹ́ńsùlù, ó sì fi àwo kẹta sórí ẹ̀rọ.

"Etí rẹ ṣì wà," ó ní. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. "Mi ò gbọ́ aro inú èyí rí. Sọ fún mi bó ṣe dún."

Edith tẹ́tí bí kò ṣe tẹ́tí rí láyé rẹ̀. Apá kẹrin dé, fèrè ń ké, gòjé ń lọ, aro sì dún. Ezekiel ń wo ojú rẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti dún. "Ó ti dún, àbí? Báwo? Ṣé ó gbẹ, àbí ó fà nílẹ̀ díẹ̀? Ṣé ó bá gòjé dé lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn? Ṣé ọwọ́ ẹni tó lù ú le?"

Edith gbé pẹ́ńsùlù. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbọ́ orin yìí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ojú ọkọ rẹ̀ ló sì ń wò ní gbogbo ọdún yẹn. Ó gbọ́ ohun tó dún. Ó ṣì ń gbọ́ ọ lórí rẹ̀. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, *Ó dún dáadáa.*

"Mo mọ̀. Báwo ló ṣe dáa?"

Ó fi *Gan-an* kún un. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé náà. Ezekiel kò sọ pé kó má sunkún. Ó yọ Àjòjì, ó fi Ọmọ Onílẹ̀ síbẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ lé ibi tí ojú rẹ̀ mọ̀ lára àwo. Wọ́n dúró. Aro tún dún.

"Èyí ńkọ́? Nínú méjèèjì, èwo ló dára jù?"

Pẹ́ńsùlù wà lórí ìwé. Edith wá ọ̀rọ̀ lọ, wá ọ̀rọ̀ bọ̀. Ó ronú láti mú ọ̀kan, kó kàn kọ orúkọ rẹ̀ kí ọkàn ọkọ rẹ̀ lè balẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Mi ò mọ̀.*

Ezekiel kà á, ó sì mi orí bí ẹni tó rí i pé òótọ́ ló kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó na ọwọ́, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Orin náà kò tíì parí.